Ìkọ́kọrẹ́ Kì í Ṣe Àsáró

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Òwe yìí to oúnjẹ wa bí ẹni to ìjòyè sí ààfin, ṣùgbọ́n kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ewùrà. Kò yà mí lẹ́nu. Omi inú ewùrà pọ̀, kì í sì í ṣe iyán gidi bí a bá gbé e sódó. Àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn tilẹ̀ jẹ́ kí á mọ̀ pé iṣu tí a fi ń gún iyán jẹ́ ọmọ bíbí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nígbà tí ewùrà jẹ́ àlejò tí ó ti ìhà Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà wá. Àwa ọmọ Èkìtì tí a fi iyán tọ́ dàgbà a máa fojú àlejò wò ó lóòótọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa bá mi yẹ̀ wò ni ohun tí àwọn Ìjẹ̀bú fi àlejò yìí ṣe, èyíinì ni ìkọ́kọrẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìfọ́kọrẹ́. Nínú ọgbà wa níhìn-ín, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ṣebí àsáró tí wọ́n fi ewùrà sè ni." Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ náà sì ju ọ̀rọ̀ orúkọ lásán lọ. Ẹni tí ó bá se ìkọ́kọrẹ́ bí ẹni se àsáró yóò ba ewùrà jẹ́, yóò sì tún wá máa sọ kiri pé ewùrà ni kò dára.

Nínú àsáró, gígé ni a ń gé iṣu. A ó sè é nínú ata àti epo títí yóò fi rọ̀, a ó wá fi ṣíbí fọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí omi rẹ̀ lè ki, kí ìyókù sì wà ní ègé. Nínú ìkọ́kọrẹ́, rírin ni a ń rin ewùrà títí kò fi ní sí ègé kankan nínú rẹ̀ mọ́. Inú ọbẹ̀ gbígbóná ni yóò ti di kókó. Ẹ wò ó dáadáa: kókó tí ìyàwó ilé ń bẹ̀rù nínú àmàlà, òun gan-an ni à ń wá nínú ìkọ́kọrẹ́! Ewùrà ni ó sì yẹ fún un, nítorí pé ó máa ń yọ̀. Bí a bá rin ín tán, yóò máa fà díẹ̀ bí ilá, fífà yìí ni kì í jẹ́ kí ó tú ká kí iná tó mú un.

Ọwọ́ ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti kọ́ ọ. Ewùrà tí ó tó kílò 1 yóò yó ènìyàn 4. Ẹ bẹ ẹ́, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì rin ín lójú ihò kéékèèké. Páànù tí a fi ìṣó lu, tí a kàn mọ́ pákó, ni màmá yìí ń lò. Àwọn ewùrà kan a máa yúnni lọ́wọ́, nítorí náà ẹ fi epo pupa pa ọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì rin ín sílẹ̀ pẹ́ títí, nítorí pé atẹ́gùn yóò mú kí ojú rẹ̀ dúdú. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ fi ẹ̀rọ ìlọta lọ̀ ọ́ kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ omi kí ó tó lè yí dáadáa, omi sì ni ọ̀tá ìkọ́kọrẹ́.

Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí ewùrà náà, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ lọ tàtàṣé 2, ata rodo 3 àti àlùbọ́sà 1. Ẹ fi epo pupa bí ìdajì ife tíì sè é, kí ẹ bu omi ife 2 sí i, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, edé àti iyọ̀. Bí owó bá wà, kí pọ̀nmọ́ náà wọlé. Ẹ jẹ́ kí ó hó dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ máa fi ọwọ́ tàbí ṣíbí bu ewùrà díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ tí ń hó náà.

Ibi yìí gan-an ni ọgbọ́n wà. Mo bi màmá léèrè pé, "Màmá, ṣé kí n rò ó?"

"Rárá o, ọmọ mi. Fi í sílẹ̀, kó di ara rẹ̀ mú ná."

Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹ̀yìn kókó kọ̀ọ̀kan ni iná kọ́kọ́ ń mú, tí yóò le bí awọ. Bí a bá fi orógùn kàn án kí ó tó le, gbogbo rẹ̀ yóò tú sínú ọbẹ̀, yóò sì di ohun tí kì í ṣe ẹ̀kọ, tí kì í ṣe ọbẹ̀. Ẹ dé ìkòkò, kí ẹ dín iná kù, kí ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ pín kókó kan sí méjì wò. Bí àárín rẹ̀ bá ṣì funfun bí ẹfun, kò tíì jinná. Nígbà tí ó bá jinná ni kí ẹ wá rò ó jẹ́jẹ́, kí díẹ̀ fọ́ kí ọbẹ̀ lè ki, kí èyí tí ó pọ̀ sì wà ní kókó.

Nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, a ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá àwọn àgbà nítorí oríkì àti òwe, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó ti jókòó ti ìyá kan nídìí ààrò láti bi í pé kí ló dé tí kò ì tíì ro ìkòkò rẹ̀? A ń gún iyán, a ń ro ọkà, a ń tẹ ẹ̀bà, a ń rin ewùrà. Ọgbọ́n tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan gbé pọ̀n. Bí a bá pe ìkọ́kọrẹ́ ní àsáró, "fi í sílẹ̀, kó di ara rẹ̀ mú" kò ní ibi tí yóò gbé mọ́.

Àwọn Ìjẹ̀bú a máa fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́. Àwọn ará ibòmíràn ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n gàrí Ìjẹ̀bú máa ń kan, kíkan yìí sì ń gé epo àti ata lẹ́nu. Bí ìkọ́kọrẹ́ bá di ọjọ́ kejì, yóò dì, adùn rẹ̀ kò sì ní lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sè é lálẹ́ kò nílò láti dá iná láàárọ̀ kí ó tó sáré lọ sí kíláàsì aago 8, èyí tí Indomie kò lè ṣe fún un.

Bí ewùrà tí ẹ rin bá ṣẹ́ kù, ẹ gé ata àti àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ máa bù ú sínú epo gbígbóná. Ọ̀jọ̀jọ̀ nìyẹn, kò sì ní ẹ̀bà í bá jẹ.