Ìrìn Àjò Wa sí Àgbádárìgì



Nígbà tí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yìí wá sí ìpàdé, kò rọrùn. Bàbá kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún dìde, wọ́n ní: “Akọ̀wé, owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó fàájì. Ẹni tó bá fẹ́ ríran, kó lo owó àpò ara rẹ̀.” Òótọ́ ni bàbá sọ. A kò fọwọ́ kan owó ẹ̀yáwó rárá. Olúkúlùkù ń san tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, títí owó bọ́ọ̀sì fi pé. Bàbá náà sì san tiwọn.

Aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé la gbéra ní Àgídìngbì, àwa mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tàgbà tèwe, nínú bọ́ọ̀sì méjì. A gba Òṣòdì, a gba Mile 2, a bọ́ sí ọ̀nà Àgbádárìgì. Ọ̀nà náà gbò wá dáadáa. Ṣùgbọ́n bí igi àgbọn ti bẹ̀rẹ̀ sí yọjú, ariwo àwọn ọmọ wa, tí wọn kò mọ̀ ju ògiri ilé iṣẹ́ lọ, gba inú ọkọ̀ kan.

Etí ọ̀sà ni ilé tí a wá wò wà. Àwọn míṣọ́nnárì CMS ló kọ́ ọ ní 1845, òun ni wọ́n sì ń pè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Bí a ti gun òkè ni wọ́n ń sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún wa. Ọmọ Òṣoògùn ni. Ogun kó òun àti ìyá rẹ̀ ní 1821, wọ́n yà wọ́n, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó di ará Sàró. Ní oṣù kìíní 1845, òun àti Henry Townsend pẹ̀lú C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ogun dí ọ̀nà mọ́ wọn, wọ́n dúró ju ọdún kan lọ. Oṣù kẹjọ 1846 ló tó fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n!

Bàbá wa dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wo ọ̀sà. Wọ́n ní: “Gbogbo ìgbà tó fi wà ní ìlú yìí, kò mọ̀ pé ìyá òun ṣì wà láàyè.” Ìyá kan nínú wa fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, kò sọ nǹkan kan.

Láti ibẹ̀, a fẹ́ sọdá sí Gberefu, ibi tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ òkun. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì kò kárí wa. Àwọn ọ̀dọ́ ní kò sí wàhálà, ọ̀sà kò jìn. Ìgbìmọ̀ ní rárá o, ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ kò ní wọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la fi sọdá. Wọ́n kùn sí wa, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló padà délé.

Ẹsẹ̀ la fi rin iyanrìn náà dé etí òkun. Ìgbì ń dún, atẹ́gùn ń fẹ́. Àwọn ọmọ fẹsẹ̀ tọ́ omi, a kò jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́, nítorí ìgbì ibẹ̀ le. Lẹ́yìn náà la jẹ àgbọn àti jọ̀lọ́ọ̀fù tí àwọn ìyá sè wá láti ilé.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ fún ìpàdé gbogbogbòò ni pé: ṣé kí á máa ṣe é lọ́dọọdún? Bàbá wa ní àwọn fara mọ́ ọn, pé kí èyí tó ń bọ̀ jẹ́ Abẹ́òkúta, kí á gun Òkè Olúmọ, kí á sì rí ìlú tí ọmọ ti rí ìyá. Wọ́n ní àwọn yóò mú ọmọ-ọmọ méjì dání. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí á kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa: kọ́bọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ jáde nínú owó ẹ̀yáwó.

A ti kọ ọ́ sílẹ̀ o. Ẹ wá dìbò.