Fóònù Méjì, Nọ́ńbà Méjì: Ta Ni À Ń Sá Fún?

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo jókòó sí yàrá mi ní Bódìjà, mò ń gé ohùn ètò tí a fẹ́ gbé jáde, ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá wọlé láti orí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní olè ni, wọ́n ní kí n sọ fún un kó wá san gbèsè rẹ̀. Mi ò bá a yá owó, mi ò sì dúró fún un. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ò ju pé nọ́ńbà mi wà lórí fóònù rẹ̀.

₦15,000 ló yá. Áàpù yẹn ti kó gbogbo nọ́ńbà ibẹ̀: ti màmá rẹ̀, ti ọ̀gá rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, títí kan ti ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín fún un ní Agbowó. Láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Google ti ní kí àwọn áàpù ayánilówó orí Play Store má wo kọ́ńtáàtì mọ́. Ṣùgbọ́n línkì ni wọ́n fi ti ọ̀rẹ́ mi ránṣẹ́ sí i, kò gba Play Store kọjá.

Ó wá sáré ra síìmù tuntun, ó kì í bọ inú fóònù kan náà. Wọ́n kàn ná owó yẹn dànù ni. Áàpù ò bìkítà fún iye síìmù tẹ́ ẹ ní. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ “Allow” nígbà tó béèrè fún kọ́ńtáàtì, gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù yẹn ló rí.

Fóònù kejì gan-an ló ń pààlà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi Gmail àtijọ́ ṣí i o! Èmi ra tòkunbọ̀ kékeré kan, mo fi Gmail mi wọlé, kí n tó ṣẹ́jú pẹ́, gbogbo kọ́ńtáàtì mi ti tẹ̀lé mi débẹ̀. Mo ní láti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kí n ṣí Gmail mìíràn. Ní báyìí, fóònù ńlá ni ti ẹbí àti báńkì. Kékeré ni ti ìta: nọ́ńbà orí fíláyà ètò yìí, èyí tí mò ń fún awakọ̀ Bolt, àwọn tó ń tajà lórí Instagram, àti éjẹ́ǹtì tó fi ilé hàn mí ní Challenge tó wá ń pè mí láago mọ́kànlá alẹ́. Nọ́ńbà tí OTP báńkì ń wọlé sí ò gbọ́dọ̀ sí lórí fíláyà kankan.

Àmọ́ ìjọba àti ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì mọ̀ yín. Oṣù Kejìlá 2020 ni NCC ti pàṣẹ pé kí gbogbo síìmù so mọ́ NIN. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2022, wọ́n dí ìpè lórí àwọn tí kò tíì so tiwọn. Torí ẹ̀ làwọn kan ṣe ń ra síìmù tí wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀ lábẹ́ agboòrùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ẹni tó ni NIN ló ni nọ́ńbà, ó lè gbà á padà nígbàkigbà, pẹ̀lú WhatsApp tẹ́ ẹ ti ṣí sórí ẹ̀.

Ẹ má sì pa nọ́ńbà kejì tì sínú dúrọ́ọ̀. Tẹ́ ẹ ò bá fi pe èèyàn tàbí ra dátà fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè ti í pa. Tó bá tún tó oṣù mẹ́fà mìíràn, ó lè bọ́ sọ́wọ́ àlejò. Èmi máa ń fi tèmi pe màmá mi lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọ́n sì máa ń bi mí pé ta nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi ti san gbèsè yẹn tán. Ọ̀gá rẹ̀ ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọn ò fún un lówó ọ́fíìsì mú dání mọ́.

Tówó fóònù kejì ò bá sí, ẹ lọ sí Settings lálẹ́ òní, ẹ wo àwọn áàpù tẹ́ ẹ ti gbà láyè kí wọ́n wo kọ́ńtáàtì. Iná orí fóònù mi jẹ́ tọ́ọ̀ṣì lásán, síbẹ̀ ó wà níbẹ̀. Kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà màmá mi ṣe?