Màmá Ò Mira

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Manchester ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Sáré lọ wo Màmá. Ó ti tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu géètì, wọn ò mira." Kámẹ́rà tó fi owó ara rẹ̀ rà sí ilé Màmá ní Ìbàdàn ló ń wò lórí fóònù. Mo pe Màmá kí n tó wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Wọ́n gbé e. "Ta ló ní mi ò mira? Mo ti gbálẹ̀ dé ẹ̀yìn ilé."

Oníṣẹ́ tó bá wa gbé kámẹ́rà ọ̀hún kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ó ti bàjẹ́, ká ra òmíràn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sanwó. Ọpọ́n ayò Bàbá ni mo rántí tí mo fi dá ọwọ́ dúró.

Nígbà tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí Bàbá lè jáde mọ́, abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa ni àwọn ọ̀rẹ́ wọn ṣì ti ń ta ayò. Orí bẹ́ẹ̀dì ni Bàbá wà. Èmi ni wọ́n fi sẹ́nu fèrèsé kí n máa sọ ohun tó ń lọ. Ọpọ́n ní ilé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ní kí n ka gbogbo ilé lẹ́yìn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀ta á ti ta ọwọ́ mẹ́ta kí n tó ka ilé keje. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ni mò ń ka odindi ọpọ́n; lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá yí padà nìkan ni mò ń sọ: "Wọ́n kó ilé kẹta. Wọ́n jẹ mẹ́ta." Bàbá á fi ọkàn to ìyókù. Àmọ́ bí ẹ̀rọ ìlọta ìyá ẹ̀gbẹ́ ilé wa bá bú sẹ́kún, tí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sínú ariwo, ọpọ́n ọkàn Bàbá kò bá ti abẹ́ igi dọ́gba mọ́. Wọ́n á pariwo látinú yàrá: "Dúró! Ka ọpọ́n fún mi!"

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lẹ́nu fèrèsé yẹn ni kámẹ́rà ń ṣe. Ó lè ya àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n kì í fi gbogbo wọn ránṣẹ́ lódindi. Ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí wọ́n ń pè ní H.264, tó jáde lọ́dún 2003, àti àbúrò rẹ̀ H.265 ti ọdún 2013, á fi àwòrán kan ránṣẹ́ lódindi, lẹ́yìn náà ìyàtọ̀ nìkan: ewé mì, ajá kọjá, ìgbálẹ̀ gbéra. Ògiri kò lọ síbì kankan, a kì í tún un sọ. Bó bá ṣe díẹ̀, odindi mìíràn á jáde. Bí ègé kan bá wá sọnù lọ́nà, fóònù di Bàbá: á di àwòrán tó ní kẹ́yìn mú, tàbí kó da àwọ̀ rú mọ́ ara wọn, títí odindi mìíràn yóò fi dé. "I-frame interval" ni wọ́n ń pe àyè àárín odindi kan sí ìkejì nínú ètò kámẹ́rà. Bí kámẹ́rà tó ń ya 25 bá ní 50 níbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá méjì nìyẹn. 100 ni mo bá nílé Màmá. Ẹnì kan ló fẹ́ fi ìyẹn ṣọ́ dátà ná.

Síbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kò lè di odindi ìṣẹ́jú kan. Bí àwòrán bá ń ta kọ́sẹ́ tó sì ń fò síwájú, ọ̀rọ̀ kan ló bọ́. Bí ó bá dúró gbagidi, fèrèsé gan-an ló tì.

Mo yọ mẹ́mọ́rì kámẹ́rà náà, mo wá aago tí ẹ̀gbọ́n mi pè. Màmá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n tilẹ̀ nàró bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Kámẹ́rà rí ohun gbogbo. Ohun tó rí ni kò rí ọ̀nà jáde. Kò sí àyẹ̀wò tó ju èyí lọ lójú tèmi, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wò ó lórí Wi-Fi ilé, mo tún jáde sí òpópónà lọ fi dátà wò ó. Nínú ilé, ó ń ta kọ́sẹ́. Níta, ó há pátápátá. Àìsàn méjì ni.

Èkíní, ògiri. Ráútà wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, kámẹ́rà wà lórí òpó géètì, ògiri búlọ́ọ̀kù mẹ́ta sì wà láàárín wọn. Wi-Fi 5 GHz yára, àmọ́ ògiri tètè ń pa á. 2.4 GHz ló ń wọ ògiri, gbogbo àdúgbò ló sì kó sórí rẹ̀; lára àwọn ojú ọ̀nà rẹ̀, 1, 6 àti 11 ni a lè lò pọ̀ tí wọn kì í gun ara wọn. Tiwa àti ti aládùúgbò jọ jókòó sórí 6. Mo gbé tiwa lọ sí 11, ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà ló yanjú rẹ̀. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gùn tó 100 mítà, ògiri kò sì já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀.

Èkejì ló máa ń tan èèyàn jẹ. Ìyára tí àwọn tó ń ta dátà fi ń ṣe fáàrí, ti ohun tó ń wọlé ni. Fíìmù tí ẹ ń wò ń wọlé. Ti kámẹ́rà ń jáde, ọ̀nà ìjáde sì sábà máa ń tín-ín-rín ju ti ìwọlé lọ. Kámẹ́rà mẹ́rin ló wà nílé Màmá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè mẹ́gábíìtì 4 ní ìṣẹ́jú àáyá, 16 lápapọ̀. Mo wọn ìjáde ilé náà, kò ju 5 lọ. Ọpọ́n mẹ́rin, ọmọ kan, fèrèsé kan.

Ọ̀rọ̀ wíwo ìta láti inú ilé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní Queens, New York, Marie Van Brittan Brown, àti ọkọ rẹ̀ ló gba ìwé ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ (patent) lọ́dún 1969 lórí ètò tí èèyàn fi lè máa wo ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Bíi ti Bàbá, inú yàrá lòun náà fẹ́ wà kó máa rí ìta. Àmọ́ láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá ni àwòrán tirẹ̀ ń rìn. Tiwa ń gba okùn abẹ́ òkun kọjá, àwọn okùn náà sì ń já: nígbà tí mélòó kan já lójú òkun Ivory Coast ní oṣù Kẹta 2024, kò sí ráútà tí èèyàn lè pa kó tún tàn tó lè wo ìyẹn sàn.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni mo tún ṣe. Púpọ̀ nínú kámẹ́rà ló ń ṣe àwòrán méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ńlá fún ìpamọ́, kékeré tí wọ́n ń pè ní "sub stream" fún wíwò láti òkèèrè. Mo fi ńlá sílẹ̀ fún mẹ́mọ́rì, mo yan kékeré fún Manchester, mo sì dá 100 yẹn padà sí 50.

Ó ku ti òru. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kámẹ́rà á tan iná tí ojú wa kò rí, á sì gba agbára sí i. Bí ṣájà rẹ̀ kò bá lágbára tó, á kú, á tún jí. Àwòrán òkùnkùn tún máa ń ṣe wínníwínní, kámẹ́rà á sì ka wínníwínní náà sí ohun tó ń mira, bí ẹni pé èèrà wọ inú ọpọ́n tí mo sì ń ka ìrìn èèrà fún Bàbá. Bí tiyín bá ń há lálẹ́ nìkan, ṣájà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kí ẹ sì gbá òwú aláǹtakùn kúrò lójú rẹ̀.

Àwòrán tí ẹ̀gbọ́n mi ń rí báyìí kò mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Bí iná bá lọ, tí ráútà kú, àwòrán tún ń dúró, Màmá sì ti kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó pe fóònù kó tó sunkún. Kámẹ́rà tí oníṣẹ́ ní ó ti bàjẹ́ ṣì wà lórí òpó géètì.