Ẹ̀kọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Lítíréṣọ̀ àti Iṣẹ́ Ìròyìn ní Ilé-ẹ̀kọ́ Girama ní Niamey

Ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà láti ìpìlẹ̀. Ní Nàìjíríà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní Nìjẹ̀r, ọ̀kan péré ni ó jẹ́ lára ohun tí ọmọ ń kọ́. Èdè Faransé ni olùkọ́ fi ń kọ́ni, òun náà ni a sì fi ń ka lítíréṣọ̀. Nítorí náà, ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àdúgbò bíi Lazaret ń kọ́ èdè kẹta, nígbà mìíràn ẹ̀kẹrin.

Àdúgbò Lazaret

Lazaret jẹ́ àdúgbò kan ní Niamey, ní bèbè òsì odò Ọya. Orúkọ náà wá láti inú ọ̀rọ̀ Faransé tí ó túmọ̀ sí ibi tí a ń ya aláìsàn sọ́tọ̀ sí kí àrùn má baà ràn. Ní àkókò ọ̀dá ọdún 1973 sí 1974, ibùdó ńlá wà níbẹ̀ fún àwọn darandaran tí ebi lé kúrò ní aginjù, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Tuareg. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ọmọ lè máa sọ Zarma, Haúsá, Tamajaq tàbí Fúlàní nílé, kí ó sì bá Faransé pàdé ní kíláàsì.

Ètò ẹ̀kọ́

Òfin ètò ẹ̀kọ́ ti oṣù kẹfà ọdún 1998 sọ pé Faransé àti àwọn èdè ìbílẹ̀ Nìjẹ̀r ni kí a máa fi kọ́ni. Àwọn èdè yòókù, tí Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn, wọ ilé-ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń kọ́. Ọdún 6 ni ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún 4 ni ti collège, tí ìdánwò BEPC wà ní òpin rẹ̀. Ọdún 3 ni ti lycée, tí ìdánwò baccalauréat fi ń parí. Láti ọdún kìíní collège ni a ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní lycée, ẹ̀ka A ni ti lítíréṣọ̀ àti èdè. Níbẹ̀, máàkì Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti fìlọ́sọ́fì a máa wúwo ju bí ó ti rí fún àwọn tí ó yan sáyẹ́ǹsì lọ. Láàárín ọdún 1962 sí 2011, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni Peace Corps láti Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ní Nìjẹ̀r, àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára wọn.

Láti Faransé dé Gẹ̀ẹ́sì

Inú Faransé ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà dé inú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà náà yá, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni èdè méjèèjì jọ ní, ṣùgbọ́n kòtò wà lójú rẹ̀. Librairie ní Faransé jẹ́ ilé ìtàwé, nígbà tí library ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ilé ìkàwé. Actuellement túmọ̀ sí lọ́wọ́lọ́wọ́. Actually túmọ̀ sí ní ti òótọ́. Èdè ilé náà ní ipa tirẹ̀. Faransé kì í pe ìró h, ṣùgbọ́n Haúsá àti Zarma ń pè é, nítorí náà ọmọ tí ó ń sọ wọ́n kò ní í ṣe wàhálà kí ó tó pe house. Ìró th ní tirẹ̀ kò sí nínú èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Dandan ni kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti òdo.

Lítíréṣọ̀

Lítíréṣọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ Niamey ń kà wà ní Faransé. Nínú àwọn òǹkọ̀wé Nìjẹ̀r, Boubou Hama gba ẹ̀bùn Grand prix littéraire d'Afrique noire ní ọdún 1970. Abdoulaye Mamani kọ ìtàn àròsọ Sarraounia, tí ó jáde ní ọdún 1980, nípa ayaba àwọn Azna tí ó kojú ọmọ-ogun Voulet àti Chanoine ní ọdún 1899. Ìwé kan náà sì lè gba ọ̀nà méjì wọlé. Things Fall Apart ti Chinua Achebe, tí ó jáde ní ọdún 1958, ni ọmọ Ìbàdàn ń kà ní èdè tí a fi kọ ọ́. Le Monde s'effondre ni ọmọ Niamey mọ̀ ọ́n sí. L'Enfant noir ti Camara Laye ará Guinea, ti ọdún 1953, ni a ń kà ní Nàìjíríà ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ ìròyìn

Àárín ẹ̀kọ́ àti ohun ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti wọ̀ pẹ́ ní Nìjẹ̀r. Tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1964 gẹ́gẹ́ bí tẹlifíṣọ̀n ilé-ẹ̀kọ́: ẹ̀kọ́ ń jáde lójú ẹ̀rọ ní Faransé fún kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni kan sì wà ní kíláàsì tí ń tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà. Ní ti rédíò, Voix du Sahel ń sọ̀rọ̀ ní Faransé àti ní àwọn èdè ìbílẹ̀. Láti ọdún 1957 sì ni BBC ti ń gbé ìròyìn jáde ní Haúsá. Sinimá pẹ̀lú kó ipa: Med Hondo sọ Sarraounia di fíìmù ní ọdún 1986, fíìmù náà sì gba ẹ̀bùn tí ó ga jù ní FESPACO ọdún 1987. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ìròyìn ṣe iṣẹ́ òòjọ́ lè lọ sí IFTIC ní Niamey, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn oníròyìn.

Ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọn

Ààlà Nìjẹ̀r àti Nàìjíríà lé ní 1,500 kìlómítà, ọ̀pọ̀ òwò sì ń gba orí rẹ̀ kọjá, tí àwọn oníṣòwò Yorùbá wà lára àwọn tí ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kì í rọrùn láti gbé kọjá bí ọjà. Nìjẹ̀r kò sí lára orílẹ̀-èdè márùn-ún tí ó ni WAEC. Ọmọ tí ó gba baccalauréat ní Niamey ti fi Faransé kẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí yunifásítì Nàìjíríà ń béèrè kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó ṣe WAEC ní Nàìjíríà, tí ó sì padà sí Niamey, yóò bá Faransé ní yunifásítì Abdou Moumouni. Èdè tí òbí bá yàn fún ọmọ ní ọmọ ọdún 12 ni ó sábà ń pinnu ìlú tí yóò ti lọ sí yunifásítì.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìwé àdéhùn ìjọba tuntun sọ Haúsá di èdè orílẹ̀-èdè, ó sì fi Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sí ipò kan náà gẹ́gẹ́ bí èdè iṣẹ́. Lórí ìwé, èdè méjèèjì di ẹgbẹ́. Kí wọ́n tó lè di ẹgbẹ́ ní kíláàsì, olùkọ́, ìwé àti wákàtí ẹ̀kọ́ ni a nílò, nítorí láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Faransé ti ń bá ọmọ bọ̀, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kì í wọlé títí di collège.