Ọdún 1453: Oníṣẹ́ Ọwọ́ Tí Ọba Kò Rówó San Fún Ló Bá Wọn Fọ́ Odi Ìlú

Bí ẹnì kan bá sọ pé owó iṣẹ́ tí wọn kò san lè wó odi ìlú, ẹ má pè é ní òpùrọ́. Ó ṣẹlẹ̀ rí. Ọdún 1453 ni, ó ti lé ní 500 ọdún báyìí.

Constantinople ni orúkọ ìlú náà, òun ni wọ́n ń pè ní Istanbul lónìí, ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ìlú àwọn onígbàgbọ́ ni nígbà náà, Constantine Kọkànlá sì ni ọba wọn. Odi tó yí ìlú ká ti lo ẹgbẹ̀rún ọdún. Ọ̀pọ̀ ogun ló ti wá, tí wọ́n wo odi náà títí, tí wọ́n sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Urban, ọmọ ilẹ̀ Họ́ńgárì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó yọ́ idẹ, kó fi da ìbọn àgbá. Ọ̀dọ̀ Constantine ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ọba gbà á, ṣùgbọ́n àpò ìjọba ti gbẹ. Owó tí wọ́n dá lé e kò tó nǹkan, èyí tó kéré náà kò sì wá déédéé. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Urban di ẹrù rẹ̀, ó kọjá sọ́dọ̀ Mehmed Kejì, ọba àwọn Tọ́kì, tí kò ju ọmọ ogún ọdún lé díẹ̀ lọ.

Mehmed bi í bóyá ó lè da àgbá tí yóò fọ́ odi yẹn. Urban ní òun lè ṣe é. Mehmed kò dúnàá-dúràá rárá, ó fún un ju iye tó béèrè lọ.

Ọkọ̀ ojú omi rìn lórí ilẹ̀

Màlúù 60 ló fa àgbá ńlá náà láti Edirne. Ó wúwo débi pé kò lè yìn ju bí ẹ̀ẹ̀meje lọ lóòjọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá yìn, odi á mọ̀ pé àlejò dé!

Oṣù kẹrin ni ogun bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ìlú fi ẹ̀wọ̀n irin ńlá dí ẹnu omi wọn kí ọkọ̀ ọ̀tá má baà wọlé. Kí ni Mehmed ṣe? Ó ní kí wọ́n to igi sílẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀rá pa á, wọ́n sì wọ́ ọkọ̀ gba orí òkè bọ́ sínú omi lódì kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnu ya ará ìlú.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, odi ya. Constantine kú sójú ogun. Wọ́n kó ilé, wọ́n kó ọjà, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ èèyàn lẹ́rú. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Mehmed kọ́ ọjà olórùlé sáàárín ìlú. Ọjà náà gbòòrò títí, wọ́n sì ń ná an dòní.

Ọba tí kò mọ ọmọ rẹ̀

Àgbá kò sinmi lọ́dún yẹn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti ń bá ara wọn jà láti 1337. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje, Talbot, ògbóǹtarìgì jagunjagun Gẹ̀ẹ́sì, rí eruku ní Castillon, ó rò pé àwọn Faransé ń sá lọ ni. Ó rọ́ lù wọ́n. Àṣé àgbá ló ń dúró dè é! Ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ náà ni ogun ọlọ́jọ́ gbọọrọ náà parí sí.

Kò pẹ́ tí Henry Kẹfà, ọba Gẹ̀ẹ́sì, fi dákẹ́ lójijì bí ère. Kò sọ̀rọ̀, kò mọ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹwàá, olorì bí ọmọkùnrin. Wọ́n gbé ọmọ tuntun wá síwájú bàbá rẹ̀, kò tilẹ̀ mi orí. Ó lé ní ọdún kan kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀, tó sì mọ̀ pé òun bímọ.

Ní ilẹ̀ Kòríà, ọmọ ọdún 12 ló wà lórí oyè. Lọ́dún náà, àbúrò bàbá rẹ̀ pa àwọn ìjòyè tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọdún 1455 ló gba adé lórí ọmọ, nígbà tó sì di 1457, ọmọ náà ti kú.

Ìwé kan ní Pọ́túgà

Èyí tó kan ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú jù kò dún bí àgbá. Akọ̀wé ọba Pọ́túgà, Zurara, parí ìwé kan lọ́dún náà. Ó kọ bí wọ́n ṣe kó ẹrú 235 wá láti etíkun Áfíríkà sí ìlú Lagos tiwọn lọ́hùn-ún, kì í ṣe Èkó o, ní 1444. Ó kọ bí àwọn ìyá ṣe dì mọ́ ọmọ wọn nígbà tí wọ́n ń pín wọn, tí Ọmọọba Henry sì jókòó sórí ẹṣin tó ń wò. Àánú ṣe akọ̀wé náà, síbẹ̀ ó yin ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Òwò yẹn kò dúró, ó lé ní 400 ọdún kó tó tán.

Odi Constantinople wó, gbogbo ayé gbọ́. Ẹkún àwọn ìyá yẹn, ìwé kan ṣoṣo ló gbọ́ ọ.