Ọwọ́ Ènìyàn Ni, Tàbí Ẹ̀rọ?

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn àwòrán kan tàn kálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: àwọn bàbá àti ìyá arúgbó tí orí wọn funfun báláú, tí wọ́n wọ aṣọ olówó iyebíye, tí wọ́n ń yan fanda níwájú èrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fọ́tò ni. Malik Afegbua, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń ṣe fíìmù ní Èkó, ni ó fi ẹ̀rọ Midjourney ṣe wọ́n, kò sì fi í pamọ́. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà tí ìyá kan bí sáyé.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá. AI ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. A ti fi àìmọye àwòrán hàn án, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó ṣe àlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkójọ kan tí ó jáde ní 2022, LAION-5B, ní ju bílíọ̀nù 5 lọ. Bí ẹ bá ní kí ó ya ìyàwó tí ó wé gèlè, yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó rí rúdurùdu bí iyanrìn, yóò sì máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jọ ohun tí ẹ béèrè. Jíjọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò hun gèlè rí.

Ibẹ̀ gan-an ni àwa ará Òkè-Ògùn ti lè mú un. Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn mọ̀ pé aṣọ òfì kì í fẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń hun ún, kí a tó rán an pọ̀ mọ́ ara wọn. Nítorí náà, ẹ wá ojú rírán. Nínú àwòrán ẹ̀rọ, ojú rírán lè rá mọ́ aṣọ lójijì. Ìlà pupa lè ti èjìká wá kí ó di àwọ̀ aró ní àyà. Ahunṣọ kò lè ṣe èyí, nítorí òwú tí ó ta ní ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò bá a dé òpin. Ẹ tún wo yẹtí méjèèjì, eyín, òjìji, àti lẹ́tà ara pátákó: nígbà mìíràn kì í ṣe ti èdè kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìka mẹ́fà tí gbogbo ènìyàn ń wí. Ẹ̀rọ ti ń kọ́ ìka yíyà. Ní 2023, Boris Eldagsen, ayàwòrán ará Jámánì, fi àwòrán ẹ̀rọ gba ẹ̀bùn nínú ìdíje fọ́tò ti Sony, ó sì kọ ẹ̀bùn náà. Bí ojú àwọn adájọ́ bá lè ṣì í, ojú tiwa náà lè ṣì í. Ènìyàn pàápàá a sì máa ya ìka tí kò pé, agbẹ́gilére wa a sì máa mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ orí ère tóbi ju ara lọ. Olùkọ́ tí ó bá ti rí àṣìṣe tí ó sì pe ọmọ ní olè, ó lè ba ọmọ gidi lórúkọ jẹ́.

Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a béèrè ìrìn àjò iṣẹ́ náà. Làmídì Fákẹ́yẹ, ẹni tí ó kú ní 2009, kọ́ iṣẹ́ ère lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Àréògún, ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì. Ní ìdí iṣẹ́ wọn, ère ní ìpele: lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Àáké ló ń ṣáájú, ọ̀bẹ ló ń kẹ́yìn. Ẹni tí ó gbẹ́ ère lè fi èérún igi hàn yín, yóò sì sọ ibi tí igi ti fẹ́ là mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ ní kí ọmọ náà mú ìwé tí ó kọ́kọ́ fi dánwò wá. Bí ó bá ya adágún Ìyákẹ́ tí ó wà lórí òkè Adó-Àwáyè, ẹ bi í pé apá ibo ni ó dúró sí, àti pé ibo ni oòrùn wà. Kí ó wá tún un yà láti òdì kejì.