Àjẹ́ Ké Lánàá: Ẹjọ́ Fóònù àti Àwọn Tí Ara Wọn Kò Gbà Á

Gro Harlem Brundtland, obìnrin oníṣègùn tí ó ti ṣe olórí ìjọba ilẹ̀ Norway rí, wà lórí àga olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2002 nígbà tí ó jẹ́wọ́ ní gbangba pé bí òun bá ti gbé fóònù alágbèéká sí etí, orí a bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ òun, débi pé òun a máa bẹ àwọn àlejò kí wọ́n pa tiwọn kí wọ́n tó wọlé tọ òun wá. Ká ní ẹnikẹ́ni láàárín ọjà ni ó sọ ọ́, à bá fi rẹ́rìn-ín, à bá sì kọjá lọ; ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí a fi ṣe olórí ìlera gbogbo ayé bá di orí mú, tí ó ní fóònù ni, ó yẹ kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, kí a wo ìdí rẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní Sweden, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Faransé àti ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn wà tí wọ́n ní ara àwọn kò gba ìgbì tí ń jáde lára fóònù àti òpó rẹ̀: orí a máa fọ́ wọn, awọ ara a máa jó wọn bí ẹni tí wèrèpè bà lára, oorun a dá lójú wọn, àyà a sì máa lù kìkì. Àwọn kan tilẹ̀ kó lọ sí Green Bank, ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè West Virginia, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ya ilẹ̀ tí ó tó máìlì onígun mẹ́rin 13,000 sọ́tọ̀ láti ọdún 1958, kí ariwo rédíò má baà dí etí ẹ̀rọ gìrìwò tí àwọn onímọ̀ fi ń gbọ́ ohùn ìràwọ̀. Nítorí ìràwọ̀ ni a ṣe pa ibẹ̀ lẹ́nu mọ́. Àwọn aláìsàn ni ó wá sá di í. Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, èmi kò sì jẹ́ pe ẹni tí ó fi ilé àti iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀fọ́rí ní òpùrọ́.

Ohun tí ó kù ni ẹjọ́. Òwe wa kan ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí; ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn lẹ́nu, ọ̀pọ̀ arúgbó ni ó sì ti bá a lọ láìṣẹ̀, nítorí pé igbe àjẹ́ jẹ́ òtítọ́, ikú ọmọ jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n okùn tí ó so ọ̀kan mọ́ èkejì, ẹnu àwa tí a jókòó ni a ti hun ún.

Kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Ọmọ ìyá ni ìgbì fóònù àti ìgbì tí ń gbé ìròyìn wọ inú rédíò wa. Ti GSM, tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, a máa mì ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 900 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó ti ń yára tó yìí, kò ní agbára ìtànṣán X-ray, tí ń já ìso tí ó so èròjà ara pọ̀. Ohun tí a mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé a máa mú ẹran ara móoru díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fi ní kí èyí tí orí ènìyàn yóò gbà má ju wọ́ọ̀tì 2 lọ fún kìlógíráàmù kan. (Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, ẹjọ́ mìíràn ni, n kò sì fẹ́ pa méjèèjì pọ̀.)

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà ni James Rubin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní King's College ti Lọ́ńdọ̀nù ṣe gbé ìgbẹ́jọ́ kan kalẹ̀, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Wọ́n pe 60 ènìyàn tí wọ́n ní fóònù ń fọ́ àwọn lórí, àti 60 mìíràn tí kò ní irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ó dà bí fóònù ti orí wọn fún ìṣẹ́jú 50, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà mìíràn ìgbì tòótọ́ ń jáde, nígbà mìíràn kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Ẹni tí a gbé e tì kò mọ ìyàtọ̀, ẹni tí ń bi í léèrè pàápàá kò mọ̀, kí ojú má baà sọ ohun tí ẹnu fi pamọ́. Orí fọ́ wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti fọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ náà ni ó fọ́ nígbà tí ẹ̀rọ kú: nínú àwọn tí ara wọn kò gbà á, ìdá 60 nínú 100 ni ó ní ìgbì GSM wà níbẹ̀ nígbà tí ó wà, ìdá 63 sì sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò sí. Àwọn kan wà tí ẹ̀rọ òkú náà dá ìnira ńlá sí lára. Ní Yunifásítì Essex, ní ọdún 2007, ìgbì òpó ni wọ́n fi dán wọn wò lẹ́ẹ̀mẹ́fà: nínú 44 tí wọ́n ní ara àwọn ń mọ̀ ọ́n, 2 péré ni ó mọ̀ nígbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bóyá ìgbì wà tàbí kò sí, nínú 114 tí wọn kò sọ irú rẹ̀ rí, 5 mọ̀ ọ́n.

Kí ni ó wá ń fọ́ orí? Àwọn onímọ̀ fa orúkọ kan yọ nínú èdè Látìn, nocebo, èyí tí í ṣe ‘èmi yóò pa ọ́ lára’: bí ìrètí ìwòsàn ti ń mú kí omi lásán ṣe bí oògùn, bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rù ibi ń mú kí ohun tí kò sí dun ni. Ẹ má pe ìrora náà ní irọ́ o; itọ́ a máa yọ lẹ́nu ẹni tí ebi ń pa bí ó bá ti gbúròó odó, iyán kò sì tíì dé. Àwa náà mọ ọ̀nà yìí: ta ni ó gbàgbé ọdún 2004, nígbà tí òkìkí kàn ní Èkó pé nọ́ńbà kan wà tí ẹni tí ó bá gbé ìpè rẹ̀ yóò ṣubú kú, tí àgbàlagbà ń wo fóònù ara rẹ̀ bí ẹni ń wo paramọ́lẹ̀?

Síbẹ̀ ìbẹ̀rù nìkan kò lè jẹ́ ìdí gbogbo rẹ̀, àti níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù. Maël Dieudonné, onímọ̀ ìṣesí àwùjọ nílẹ̀ Faransé, jókòó ti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, ó ní kí wọ́n ròyìn bí ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ ọ́ ní ọdún 2016 pé ní ti ọ̀pọ̀ nínú wọn, àìsàn ni ó kọ́kọ́ dé; wọ́n ti káàkiri ilé oníṣègùn, wọn kò rí ẹni tí ó lè sọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n tó gbọ́ nípa ìgbì, tí ọkàn wọn fi balẹ̀ pé àwọn ti rí ọ̀daràn. Ọmọ ti kú, nígbà náà, kí àjẹ́ tó ké.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí Brundtland ti fi sílẹ̀ nígbà náà, kọ ọ́ ní ọdún 2005 pé òtítọ́ ni ìyà tí ń jẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, pé kò sí ẹ̀rí tí ó so ó mọ́ ìgbì, àti pé kí oníṣègùn wá àìsàn mìíràn tí ó lè fara pamọ́ sí wọn lára, kí a sì yẹ ilé àti ibi iṣẹ́ wọn wò fún ariwo, iná tí kò dára àti afẹ́fẹ́ tí ó bàjẹ́. Mo ń ka èyí, ọkàn mi sì lọ sí àwọn òpó tí ó wà ládùúgbò wa. Ìgbì tí ń jáde lórí wọn kò lóhùn, kò lóòórùn. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ tí ń mu dísẹ̀lì wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí ń bú ramúramù tọ̀sán tòru, tí ń tú èéfín sójú fèrèsé ẹni tí ó dìde lórí ibùsùn, tí ó di orí mú, tí ó sì gbójú sókè wo ṣóńṣó òpó.